Ohùn Ìyá Rẹ àti Dódò Inú Ọ̀rá

Ìkirè,
Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tó jogún ẹnu mi,

Ara wa le. Òrùlé tó ń jò ti gba àtúnṣe, adìyẹ tó o fi sílẹ̀ fún wa ti pamọ, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbádùn ẹ̀yìnkùlé mọ́. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní ṣé ò ń jẹun. Mo ti jíṣẹ́ rẹ̀. Ó yá, fìdí kalẹ̀ dáadáa, torí pé bí mo bá ní kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, wàá kàn máa sọ pé, "Mo ti gbọ́, sà, ẹ ṣé, sà," bó o ṣe máa ń ṣe tó o bá fẹ́ sá mọ́ mi lọ́wọ́. Lẹ́tà kò ṣeé gé mọ́ èèyàn lẹ́nu. Awakọ̀ tó ń gbé dódò ìyá rẹ lọ sí Ìbàdàn ni yóò fi lé ọ lọ́wọ́ lọ́la.

Nígbà tó o pè wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, inú wa dùn, ká má purọ́. Ọmọ wa ti di òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìpolówó ọjà, wọ́n ti fún un ní tábìlì tirẹ̀, wọ́n sì ti gbé iṣẹ́ àkọ́kọ́ lé e lọ́wọ́. O ní àwọn kan ń ṣe nǹkan ìpanu sínú ọ̀rá aláràbarà, wọ́n kọ "Dódò Ìkirè" gàdàgbà sí i lára, wọ́n sì fẹ́ kí ẹ bá àwọn polówó rẹ̀ lórí rédíò. O wá rántí pé ìyá rẹ ti ń ké dódò létí títì yìí kí a tó bí ọ. O sọ fún ọ̀gá rẹ pé wàá gba ohùn rẹ̀ wá. Ọ̀gá rẹ yìn ọ́, ó ní kó o mú un wá lọ́jọ́ Ajé, àwọn á sanwó fún ìyá rẹ, àwọn á sì fi iṣẹ́ yìí wò bóyá kí wọ́n gbà ọ́ síṣẹ́ pátápátá tàbí kí wọ́n ní kó o máa lọ sílé.

Ìyá rẹ gbọ́ ọ tán. Ó fa fóònù lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa kéèyàn máa pariwo ọjà ọlọ́jà." Mo ní kó o fún wa láyè di òpin ọ̀sẹ̀. Ìdáhùn wa wà nínú lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n má ṣe sáré lọ wá a nísàlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́. Padà wá síbí.

O mọ̀ pé bí a bá dé Àpòmù, ìlú tí wọ́n ti bí mi, àwọn àgbà ibẹ̀ kì í pè mí lórúkọ. "Kì-í-ṣí" ni wọ́n ń pè mí. O ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, o sì máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ o ò tíì gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu mi. Gbọ́ ọ lónìí, torí iṣẹ́ tìrẹ gan-an ló wà nínú ẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí nígbà náà, ohùn mi sì wà ní góńgó. Ìjọ Áńgílíkà ni mo ti ń kọrin láti kékeré, Bàbá Ọ̀gá Akọrin ló sì kọ́ mi. Bí wọ́n bá ní kí n dá orin kan kọ, àwọn ìyá ìjọ á máa nu ojú. Ọkùnrin kan tó ń ta aró oníyẹ̀fun gbọ́ mi níbi ìgbéyàwó, ó ní ohùn yìí ń ṣòfò. Ó ní ọkọ̀ kékeré kan tó gbé ìwo gbohùngbohùn lé lórí. Bí ọjà Àpòmù bá ń ná, a ti débẹ̀. Bó bá kan ti Ìkirè, a wà níbẹ̀. A dé Wásinmi, a dé Gbọ̀ngán. Èmi ni mo máa ń jókòó síwájú, tí màá di gbohùngbohùn mú, tí màá ké e pé: "Aró tuntun dé o! Ẹ fọ̀ ọ́, kì í ṣí! Ẹ sá a sóòrùn, kì í ṣí! Òjò pa á, kì í ṣí!"

Ta ló sọ fún mi pé kì í ṣí? Ọ̀gá mi ni. Ta ló sọ fún ọ̀gá mi? Ẹni tó tà á fún un. Èmi fúnra mi ò rẹ aṣọ ìnujú kan ṣoṣo sínú aró náà rí.

Nígbà tí ìkórè ọdún yẹn ku díẹ̀, aṣọ àwọn akọrin wa ti ṣá. O mọ aṣọ dúdú gígùn tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́, kí wọ́n tó gbé èyí tó funfun lé e. Ìjọ ò lówó tuntun. Bàbá Ọ̀gá Akọrin wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ lójú ọjà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ ni kì í ṣí?" Gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu mi, gbogbo ọjà ló sì ń gbọ́. Mo ní, "Bàbá, kì í ṣí!" Wọ́n ra èyí tó tó gbogbo ẹgbẹ́ akọrin.

Lọ́jọ́ ìkórè, a tò lẹ́sẹẹsẹ, à ń kọrin yí ilé ìjọsìn ká kí a tó wọlé. Òjò tí ẹnì kankan ò retí ló bá bẹ̀rẹ̀. Orin ìkórè kì í dúró nítorí òjò, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ ọ́ lọ. Ìgbà tá a fi máa dé ẹnu ọ̀nà, aṣọ funfun òkè ti di aláwọ̀ aró. Aró wà lọ́rùn wa, ó wà lọ́wọ́ wa, ó wọ inú bàtà. À ń kọrin ọpẹ́ lọ sí iwájú, aró ń kán sílẹ̀ tẹ̀ lé wa. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ ké e ní ohùn tèmi gan-an: "Òjò pa á, kì í ṣí!" Ilé ìjọsìn bú sẹ́rìn-ín. Àlùfáà gan-an fi ìwé orin bojú. Èmi náà wà láàárín wọn, ọmọ mi, èmi náà ń ṣí.

Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ bá Bàbá Ọ̀gá Akọrin níbi tí wọ́n ti ń fún aṣọ wọn lẹ́yìn ilé. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Aró yẹn ló tàn wá jẹ." Wọn ò pariwo mọ́ mi. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Aró wo? Ṣé mo mọ aró ni? Ohùn rẹ ni mo rà."

Ó dùn mí dé egungun. Mo fi iṣẹ́ ọkọ̀ náà sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Mi ò fi í sílẹ̀ nítorí pé ìpolówó burú o, má ṣì mí gbọ́. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọjà tí ẹnikẹ́ni ò bá gbọ́ nípa rẹ̀, inú igbá ni yóò rà sí. Mo fi í sílẹ̀ nítorí pé mo ti wá mọ ohun tí mo ń tà, mo sì rí i pé kì í ṣe aró.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́. Nínú iṣẹ́ tó o gbà yìí, wọ́n á sọ fún ọ pé orin ni ẹ̀ ń tà, tàbí àwòrán, tàbí ọ̀rọ̀ dídùn. Orin dára, àwòrán dára. Àmọ́ ohun tó ń mú kí èèyàn nawọ́ sápò ni pé ó gba ẹnì kan gbọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ojú tí gbogbo ayé mọ̀, tí wọ́n fi ń wá ohùn màmá arúgbó, tí wọ́n fi ń wá dókítà aláṣọ funfun tí kì í ṣe dókítà. Ìgbàgbọ́ tí àwọn èèyàn ti ní tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń yá lò. Ẹni tó bá yá nǹkan lò gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe dá a padà láìfọ́.

Ìkejì. Lọ́jọ́ tó o gba lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, o bi mí pé, "Bàbá mi, ṣé ìpolówó máa ń mú èèyàn lóòótọ́, àbí owó àwọn ọlọ́jà ni wọ́n kàn ń jẹ?" Mo rẹ́rìn-ín, mi ò dá ọ lóhùn. Ó ń mú èèyàn. Ẹni tó bá sọ pé òun kì í gbọ́ ti ìpolówó, òun ló mú jù. Wo èmi tí mo ti wà nídìí ẹ̀, tí mo máa ń fọ́nnu pé kò sí ẹni tó lè fi ọ̀rọ̀ ọjà tàn mí. Ní oṣù tó kọjá, ìyá rẹ rán mi ní ọṣẹ oníyẹ̀fun. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo dárúkọ ọṣẹ kan. Ọmọbìnrin ibẹ̀ ní, "Bàbá, èyí ti tán, àmọ́ òmíràn wà." Mo ní rárá o, èyí tí mo pè ni mo fẹ́. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn nínú oòrùn. Bí mo ṣe ń bọ̀ nílé ni mo gbọ́ tí ẹnu mi ń kọ orin ọṣẹ náà, orin tí rédíò ti ń kọ láti ìgbà tó o wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Mi ò mọ ohun tó fi yàtọ̀ sí èkejì. Ìyá rẹ ló rán mi létí pé mi ò tilẹ̀ fọṣọ rí láti ìgbà tá a ti fẹ́ra.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kì í fipá mú ọ, kì í sì í bá ọ jiyàn. Á kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọkàn rẹ, á máa kọrin jẹ́jẹ́. Ọjọ́ tó o bá wá nílò nǹkan, òun ló máa kọ́kọ́ dáhùn. O rántí bí àwọn onídódò ṣe máa ń sáré bá ọkọ̀ tó bá dẹwọ́ eré? Ẹni tí dódò rẹ̀ dùn jù kọ́ ni èrò ọkọ̀ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ dé ojú fèrèsé ni. Nítorí náà, má fojú kéré ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Àwọn tó ń sọ pé ariwo lásán ni kò jẹ́ kó o ṣọ́ra.

Ṣùgbọ́n ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Wọn ò parọ́, mo fojú mi rí i, a ta aró tán lójú ọjà. Ohun tí òwe yẹn ò sọ ni bóyá ẹni tó ra èké lónìí yóò tún padà wá rà á lọ́la. Ìpolówó lè ta ọjà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjà ni yóò máa ta ara rẹ̀ bó bá lẹ́sẹ̀ tí yóò fi rìn.

Ìyá rẹ ní kí n fi tirẹ̀ sí i, kó má dà bíi pé èmi nìkan ni mo gọ̀ nígbà èwe. Ó ń wò mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó sì ní kí n kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìdí agbada lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, inú rẹ̀ kì í dùn pé dódò wọn dúdú. O mọ̀ pé àgbagbà tó ti pọ́n kọjá, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí ẹlòmíràn á ní ó ti bàjẹ́, òun là ń gún mọ́ ata àti iyọ̀ ká tó dín in. Ó wò ó pé bí òun bá lo èyí tí kò pọ́n tó bẹ́ẹ̀, dódò á mọ́ lójú, á wu èrò ọkọ̀. Lóòótọ́ ló wù wọ́n. Wọ́n ń rà á wìtìwìtì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn awakọ̀ tó máa ń dúró fún un kò dúró mọ́. Wọ́n á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n á tẹná. Ó sá tẹ̀ lé ọ̀kan títí tó fi dúró, ó bi í pé kí lòun ṣe. Ọkùnrin yẹn ní, "Dódò yín le, àǹtí. Eyín èrò mi kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kán ní Àṣejirè. Wọn ò sì bú yín o, èmi tí mo dúró ni wọ́n bú dé Ìbàdàn."

Gbọ́ èyí dáadáa, ọmọ mi, torí pé ìwọ lawakọ̀ báyìí. Ẹni tó ra ìpanu inú ọ̀rá yẹn lè má mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kò sì ní mọ orúkọ rẹ láéláé. Àmọ́ rédíò tó gbọ́ ọ lórí rẹ̀, ohùn tó gbọ́, ìlú tí wọ́n dárúkọ, àwọn nìyẹn ni yóò bú. Èrò ọkọ̀ lè má padà wá mọ́, awakọ̀ ń bọ̀ lọ́la.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ padà sí àgbagbà tó pọ́n dúdú. Ọjọ́ yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké e bó o ṣe mọ̀ ọ́n yìí: "Ó dúdú lójú, ó dùn lẹ́nu! Dódò Ìkirè rè é o, ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó rà!" Orin tí ọ̀gá rẹ fẹ́ rà nìyẹn. Wò ó bó ṣe tò ó. Àléébù ọjà ló kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn náà ló sọ ìwà rere rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kó o má gba òun gbọ́ títí wàá fi tọ́ ọ wò. Mo ti gbọ́ ìpolówó púpọ̀ láyé mi, èmi fúnra mi sì ti ké e káàkiri ọjà, mi ò tíì gbọ́ èyí tó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí ojú oníbàárà á rí, yóò gbà ọ́ gbọ́ lórí ohun tí kò tíì rí.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n náà nìyẹn. Mo wà nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, mo jókòó sójú fèrèsé, ó na dódò sí mi. Mo ní, "Àǹtí, èyí ò ha ti jó báyìí?" Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ tọ́ ọ wò. Bó bá jó, ẹ tu ú sí mi lọ́wọ́." Ó sì tẹ́wọ́ lóòótọ́. Mi ò tu ú. Mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìyókù, o mọ̀ ọ́n, ìwọ lo tẹ̀yìn rẹ̀ wá.

Ẹ̀kẹta àbí ẹ̀kẹrin, mi ò kà á mọ́. Ọ̀gá mi aláró kọ́ mi ní ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ kó o mọ̀, kó o lè máa dá a mọ̀ bó bá jókòó tì ọ́ níbi ìpàdé. Ó ní kí n má kọ́kọ́ dárúkọ aró. Ó ní kí n tọ́ka sí aṣọ iléèwé ọmọ tó bá ń kọjá, kí n ní, "Ẹ̀yin òbí, ẹ wo aṣọ ọmọ yìí. Ṣé bí ti ọmọ yín náà ṣe ṣá nìyí?" Wàá rí ìyá tó wá ra iyọ̀ tó máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, táá di etí aṣọ ọmọ rẹ̀ mú, táá máa wò ó bíi pé kò rí i rí. Ọmọ náà á wo ìyá rẹ̀, á wo aṣọ ara rẹ̀, ojú á tì í. Kó tó di pé mo sọ̀rọ̀, inú ọmọ yẹn dùn. Nígbà tí aró ṣí lára àwọn akọrin, mo rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọ̀rẹyìn, àmọ́ ojú àwọn ọmọ yẹn, mi ò lè fi rẹ́rìn-ín títí dòní. Má fi ìtìjú ta ọjà, Àbẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá ní kó o sọ fún ọmọbìnrin kan pé àwọ̀ rẹ̀ dúdú jù, tàbí fún ìyá kan pé kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ tó torí ohun tó ń fún un mu, rántí etí aṣọ tí wọ́n dì mú lójú ọjà.

Ó yá o, a ti dé ibi tó o ti fẹ́ dé látàárọ̀.

Ọ̀rá tó o fi rán awakọ̀ sí wa lọ́jọ́bọ̀ dé. Ìyá rẹ ò ṣí i lójú ẹsẹ̀. Ó dín tirẹ̀ ná, ó gbé e sí àwo, ó wá ya ọ̀rá yín, ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò. Ó mu omi, ó tún tọ́ ọ wò. Mo ń retí kó yínmú bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Kò ṣe é. Ó ní, "Ó dùn. Ó ń ró lẹ́nu. Àgbagbà gidi ni wọ́n lò, òróró wọn ò sì gbó." Ó mú ọ̀kan sí i. Ó ní, "Àmọ́ ìpékeré ni, Bàbá Àbẹ̀kẹ́. Wọ́n gé e pẹlẹbẹ, wọ́n dín in títí ó fi gan. Kò rí odó, kò rí ata. Ìpékeré tó dára gan-an ni. Kí ló wá ṣe wọ́n tí wọn ò pè é ní ìpékeré?"

Mo ní bóyá nítorí pé gbogbo ènìyàn ló mọ dódò Ìkirè. Ó ní, "Ẹ̀hẹn. Àwọn ta ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n?" Ó sì nawọ́ sí títì, síbi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí títí ó fi dàgbà, àti ìyá ìyá rẹ̀ ṣáájú ìyẹn.

Ìdáhùn ìyá rẹ nìyí, bó ṣe sọ ọ́: òun ò ní ké dódò Ìkirè fún ohun tí kì í ṣe dódò Ìkirè, bí wọ́n tilẹ̀ fi owó kún ilé yìí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi orúkọ rẹ̀, ìpékeré, pè é, òun á ké e fún wọn, òun á ké e dáadáa, torí òun ti tọ́ ọ wò, ó sì dùn.

Mo mọ̀ pé ọkàn rẹ ti dà rú. O ti fẹnu ara rẹ ṣèlérí fún ọ̀gá rẹ. Ìyẹn náà, jẹ́ n sọ ọ́ fún ọ ní baba sí ọmọ: ohùn ìyá rẹ kì í ṣe tìrẹ láti fi ṣèlérí. Kí o tó mú nǹkan rẹ̀ lọ sọ́jà, kó o kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti bá ọ wí, ó ti tán.

Bó o ṣe máa ṣe é ló kù. Bí wọ́n bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Má lọ sọ fún ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ Ajé pé ìyá mi kọ̀, kó o wá dúró bí ẹni tí wọ́n lù. Má sì lọ wàásù fún un. Gbé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rá náà dání, gbé dódò tí awakọ̀ mú wá pẹ̀lú lẹ́tà yìí dání, kó méjèèjì síwájú rẹ̀, kó o ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ méjèèjì wò." Jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà, sọ fún un pé ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹ dódò Ìkirè lójú títì, tó wá ra ọ̀rá yìí, yóò ní wọ́n tan òun, bẹ́ẹ̀ sì ni ìpékeré náà dùn, kò tọ́ sí irú èébú bẹ́ẹ̀. Sọ fún un pé ọjà wọn ò nílò orúkọ ẹlòmíràn kó tó lè tà. Kó o wá gbé orin tó o ti kọ fún ìpékeré jáde. Kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. O lè kọ ọ́, èmi ni mo bí ọ.

Wọ́n lè sọ pé wọ́n ti tẹ ọ̀rá sílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ó lè jẹ́ òótọ́. Wọ́n lè fún ẹlòmíràn ní iṣẹ́ náà, kí wọ́n wá obìnrin mìíràn tí yóò ṣe ohùn rẹ̀ bíi ti ará Ìkirè. A ò lè dí wọn lọ́wọ́. Wọ́n sì lè ní kí ìwọ máa lọ sílé. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà ọ́, mo mọ̀, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ lórí fóònù. Ẹ̀rù ò bà mí. Yàrá rẹ ṣì wà bó o ṣe fi í sílẹ̀, yàtọ̀ sí pé adìyẹ rẹ yé ẹyin síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ilé iṣẹ́ tó ń polówó ọjà pọ̀ ní Ìbàdàn, ó sì pọ̀ kọjá Ìbàdàn. Ẹni tó lè sọ òtítọ́ ọjà kó dùn létí kò wọ́pọ̀ láàárín wọn, ọmọ mi, ọjọ́ kan á kàn wọ́n, wọ́n á wá ọ. Ṣùgbọ́n bí o bá di Kì-í-ṣí, Àbẹ̀kẹ́, orí mi ti funfun, wọ́n ṣì ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run á fún ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ níwájú ọ̀gá rẹ. Á jẹ́ kó o rí ojú rere. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní ṣí lára rẹ lọ́jọ́ òjò.

Mo rò pé mo ti parí, àmọ́ jẹ́ n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Ìyá rẹ wà lẹ́yìnkùlé. Ó ní òun ń kó aṣọ, irọ́ ni. Mo ń gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé, ó ń wá ohùn tí yóò bá a mu. Ó bẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó tún un ṣe: "Ìpékeré rè é o! Kì í ṣe dódò, kò bá dódò jà! Ó pọ́n lójú, ó ń ró lẹ́nu! Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó rà!" Adìyẹ ń sá kiri. Mo yọ́ jáde, mo fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì rí mi, ó tún ara ṣe, ó ké e lẹ́ẹ̀kan sí i dáadáa.

Ó wà lọ́wọ́ mi báyìí. Mi ò ní fi ránṣẹ́ lónìí, mi ò sì ní fi ránṣẹ́ lọ́la. Ọjọ́ tó o bá fi àwòrán ọ̀rá náà hàn wá, tí a sì kà á lára rẹ̀ pé ìpékeré ló wà nínú rẹ̀, kó o tó ṣẹ́jú ni yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ohùn ti wà nílẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Orúkọ ló kù.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, Kì-í-ṣí ará Àpòmù.